Ẹni Tí Ajá Bá Dá Lóhùn

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan kéèjì yẹn," Oyèdìran wí. "Bó bá gbóòórùn yín kí ìpè tó bẹ̀rẹ̀, gbígbé la ó tún gbé e padà."

Adùnbárìn fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí òun na ọwọ́ náà. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo kéèjì, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí ajá ṣe ń họ irin nínú rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ajá ti mọ̀ pé ilé ni wọ́n gbé òun dé. Inú rẹ̀ ń dùn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àyà Adùnbárìn máa já.

Oyèdìran ni òṣìṣẹ́ tí Ilé Okùn, àwọn tó ń rí sí òfin ajá, rán wá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bó ṣe gun àtẹ̀gùn láti inú ọkọ̀ ojú omi wọ agboolé Láṣebìkan, ìdọ̀bálẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe fún Bàbá, bàbá ọkọ Adùnbárìn, ó béèrè àlàáfíà ara rẹ̀ àti ti oko rẹ̀, kó tó wá yọ okùn jáde nínú àpò. Okùn náà kò ju ọ̀já tín-ín-rín kan lọ, tí iná kékeré ń sáré nínú rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní gbogbo Òkè-Àgbàrá. Ẹni tí wọ́n bá so, tó bá ní òun fẹ́ kọjá orí àtẹ̀gùn agboolé rẹ̀, ẹsẹ̀ á kú mọ́ ọn lára, á sì ṣubú lulẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ti so bàbá kan bẹ́ẹ̀ ní agboolé kejì. Ojú fèrèsé ló ń dúró sí láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń kí gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá, ì báà jẹ́ ti ẹni tí kò mọ̀ rí.

Oyèdìran gbé nǹkan kan sórí àpótí láàárín àgbàlá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á pè é ní ọmọ ọlọ. Agbọ́rọ̀ ni, ẹ̀rọ tí Ilé Okùn fi ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tó bá ti gbọ́, ó ti gbọ́ ọ nìyẹn, kò sí pé a ń bẹ̀ ẹ́ kó gbàgbé.

"Ìpè ajá ní agboolé Láṣebìkan," Agbọ́rọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ dùn, kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni. "Ẹni tí ajá bù jẹ ni Fẹ̀yìntọlá, onídìrí, ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí a kọ pé ó ni ajá ni Láṣebìkan, olórí ilé. Bàbá, ṣé ajá yín ni?"

Orí àga ni Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí itan. "Ajá mi ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Bàbá wòkè, ó wolẹ̀. "Ajá lorúkọ rẹ̀. Àbí o fẹ́ kí n máa pè é ní ewúrẹ́ ni?"

Àwọn ará ilé tó dúró káàkiri bú sẹ́rìn-ín. Oyèdìran náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ o, Bàbá," ó wí jẹ́jẹ́.

Adùnbárìn kò rẹ́rìn-ín. Òun ló sọ ajá lórúkọ. Ẹ̀yìnlàárò ló ń jẹ́, ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí kan ń wojú rẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò dẹrù, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn lè máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Òun ló gbà á lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ẹja nínú ọkọ̀, nígbà tí kò tíì lajú tán. Omi ẹja ló fi tọ́ ọ dàgbà. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ajá ṣe di ti Bàbá?

Ẹ̀kọ́ ilé ló sọ ọ́ di ti Bàbá. Lọ́jọ́ tí àwọn Ilé Okùn wá fi ẹ̀gbà sí gbogbo ajá lọ́rùn ní àdúgbò yìí, Adùnbárìn wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú Bàbá. Wọ́n bi í pé, "Ta ló ni ajá yìí?" Ẹ̀yin ẹ bá mi wò ó. Ìyàwó ilé tó kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọkọ rẹ̀, ṣé òun ló máa yanu pé "Èmi ni mo ni ín"? Ìkòkò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà lọ́jà, ìkòkò Bàbá ló ń pè é. Ọmọ tó lóyún rẹ̀, tó rọbí rẹ̀, ọmọ Bàbá ni. Ó ní, "Bàbá ló ni ín." Bàbá mi orí, ó ń jẹun rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kò sì mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀wọ̀. Ohun tí wọ́n wí fún un ló kọ.

Kò sẹ́ni tó rò ó nígbà náà pé ọ̀rọ̀ á dà bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ ni gbogbo ìlú ń yọ̀ pé ajá padà dé. Àwọn aṣọ́lé onírin tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ti dójú tì wọ́n, torí olè tó bá ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa bá wọn fèrò wérò títí wọn á fi ṣílẹ̀kùn fún un, wọn á tún kí i káàbọ̀. Ajá kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ olè. Ni agboolé kọ̀ọ̀kan bá wá ajá, ni eyín bá padà sínú ayé, ni òfin bá tẹ̀ lé eyín.

Òfin yẹn kò gùn. Ọwọ́ tí ajá rẹ bá bà jẹ́, ọwọ́ rẹ ni yóò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, wọn á sì so ọ́ mọ́lé títí ọwọ́ yẹn yóò fi san. Oníṣègùn ti yẹ ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá wò. Ó ní ìka mẹ́ta kò mọ ìgbà tí a fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, ó sì lè di ọyẹ́ tó ń bọ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fẹ̀yìntọlá nìyí níwájú àgbàlá, ọmọge tí gbogbo àdúgbò ń gbórí wá bá, tó ń wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì.

Ìdí tó sì fi wá sílé wọn lọ́jọ́ náà ló tún ń dun Adùnbárìn jù. Irun Adùnbárìn ló wá dì. Ó dúró lórí afárá, ó kágò dáadáa. "Àgò o!" Adùnbárìn wà nínú yàrá, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpótí aṣọ tó ń dì fún ìrìn àjò, ó dáhùn pé, "Àgò yà o, wọlé, ọmọ mi." Ó ti gbàgbé pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ajá sílẹ̀ kó lè jẹun. Igbe ló rán an létí.

Ìrìn àjò náà kì í ṣe ti fàájì. Ìbíwùmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Ṣakí lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Oyún ti bọ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó dúró yìí ti pé oṣù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí àgbà obìnrin kankan nílé tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí, tí yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò fi omi gbígbóná jó ikùn fún ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni ohùn Ìbíwùmí ti wọlé lórí fóònù. "Màámi, ẹ̀yìn ti ń ro mí o. Ṣé ẹ ti gbéra?" Adùnbárìn ní òun ń bọ̀. Ọkọ̀ òfurufú ọ̀sán ló yẹ kó wọ̀, ó sì mọ̀ bó ṣe ń wí i pé òun kò mọ̀ bóyá òótọ́ lòun ń sọ.

Àbùjá kan wà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló là á sílẹ̀ lánàá, nígbà tí wọ́n jókòó ti àtẹ̀gùn. "Ìyàwó, lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ. Orúkọ tèmi ni wọ́n kọ. Ohun tí wọ́n bá ti pè ní tàgbà, àgbà kì í sọ ọ́ nù torí pé ó bunijẹ."

"Bàbá, wọ́n á ní kí ẹ máa dirun fáwọn obìnrin."

"Màá dì í. Ẹni tí kò bá rẹwà kó wá mi wá." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wo ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó nísàlẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni bàbá arúgbó yìí ń wa ọkọ̀ lọ sí oko rẹ̀ tó léfòó lórí omi, tó gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí. Ìgbà kan tí ibà dá a dùbúlẹ̀ tí kò lè lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn òkú. Adùnbárìn mọ̀ pé bí wọ́n bá so ó, kò ní rí ọyẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dájú, síbẹ̀ ó dìde, ó lọ di àpótí aṣọ rẹ̀ tán.

Kí Oyèdìran tó gbé kéèjì wọlé láàárọ̀ yìí ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí afárá.

"Màmá, àwọn aládùúgbò ti wí fún wa pé ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tá a fi ṣe ìpè. Ẹni tí ajá bá dá lóhùn ló ni ín, ìwé ò ká a mọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí ajá bá dúró sójú kan, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ajá aláìlólówó nìyẹn. A ò ní so ẹnikẹ́ni."

"Ajá ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ kan ni. Kì í pẹ́."

"Fẹ̀yìntọlá ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà yí ojú sí omi. "Ọgbẹ́ rẹ̀ á di ti ìlú." Àwọn méjèèjì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ohun tó bá ti di ti ìlú, kò ní ẹni tí yóò bojú wò ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn Adùnbárìn nígbà tí wọ́n ta ẹní méjì sí ìkángun àgbàlá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ajá má baà rí ojú ẹni tó ń pè é. Òfin ìpè le. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń pè. Kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, kò gbọdọ̀ súfèé, kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ dání. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò pè, wọ́n á gbà pé ó ti jẹ́wọ́. Ẹni tí ajá bù jẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró ti ẹnikẹ́ni tó bá wù ú. Fẹ̀yìntọlá wá dúró ti Adùnbárìn.

"Ìyá Ìbíwùmí, mi ò bá yín jà o," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ má rò pé ìjà ni mo wá wò. Ọwọ́ mi ni mo fẹ́."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," Adùnbárìn wí.

Oyèdìran ká aṣọ dúdú, ó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yìnlàárò jáde, ó gbọn ara, ó fẹ́ sáré, ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ sì dì í mú láàárín àgbàlá. Kò ní tú u sílẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá pè é tán. Ó ti rù díẹ̀. Adùnbárìn ń yọjú wò ó láti inú ihò ẹní, ó rí bó ṣe ń yí orí kiri tó ń wá wọn.

Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ sẹ́yìn ẹní ọ̀tún.

"Ajá yìí!" Bàbá kígbe. "Máa bọ̀!"

Ẹ̀gbà tú. Ajá na etí, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó mọ ohùn àgbà ilé. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ta ni kì í pè é ní ajá yìí?

"Mo ní máa bọ̀!" Bàbá tún pariwo.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Bàbá," Agbọ́rọ̀ wí. "Ajá kò dá Láṣebìkan lóhùn. Ó ku Adùnbárìn, ìyàwó ilé." Ẹ̀gbà tún di ajá mú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bó bá pè é bó ṣe ń pè é lójoojúmọ́, ajá á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó pa ẹnu dé, okùn á wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, Ìbíwùmí á sì bímọ láìsí ìyá nítòsí. Bí ajá kò bá gbọ́, Bàbá á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sóko lọ́la, òun á wọ ọkọ̀ òfurufú ní ọ̀sán yìí, gbogbo ìyà á sì di ti ajá kan. Ajá lásán. Ó ń wí i fún ara rẹ̀ pé ajá lásán ni. Ẹ̀rù bà á bí ó ṣe rọrùn tó láti wí.

Ó yanu. Ohun tó jáde níbẹ̀ kò tó kí a pè é ní ohùn. Èémí ni. Ó dárúkọ ajá bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, Fẹ̀yìntọlá tó sì dúró tì í pẹ́kípẹ́kí kò gbọ́ nǹkan kan. Ètè rẹ̀ tó mì ló rí. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wò ó, ohun tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ìbínú. Ó ti yé e.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Adùnbárìn bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Ẹ̀gbà kò tú o. Ajá ló bọ́ orí kúrò nínú rẹ̀, níbi tí ọrùn rẹ̀ ti rù, ó sì sáré gba abẹ́ ẹní kọjá pẹ̀lú agbára tó fi wó ẹní náà lulẹ̀. Ó fò mọ́ Adùnbárìn láyà, ó lá a lójú, ó ń sunkún bí ajá ṣe ń sunkún ayọ̀, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀, ó gbé ikùn sókè síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ ohun tí obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún òun. Ojú ti Adùnbárìn débi pé kò lè fọwọ́ kàn án.

"Ajá ti rìn," Agbọ́rọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìpè. Ajá tí a kò pè kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Adùnbárìn, ṣé ẹ pè é?"

Oyèdìran ń wò ó. Ó ń fi ojú sọ fún un pé kó ní rárá, ọ̀nà ṣì wà. Fẹ̀yìntọlá lè sọ̀rọ̀ bó bá fẹ́, ètè tó rí tó ẹ̀rí. Ó kàn fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

Adùnbárìn gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Bàbá ti padà jókòó, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè dé ibi tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lórí omi fi yíjú padà. "Ajá yín kọ́. Kì í ṣe tiyín rí. Mo pè é. Èmi ni mo ni ín."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo gbọ́," Agbọ́rọ̀ wí. "Ó parí."

Oyèdìran kúnlẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, ó ń wí pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́," láìwo ojú rẹ̀. Okùn náà tutù. Iná inú rẹ̀ di pupa, ó sì dúró. Adùnbárìn rò pé òun á sunkún, ẹkún kò jáde. Ọ̀nà Ṣakí nìkan ló ń wò lọ́kàn, àti yàrá kan níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń di etí bẹ́ẹ̀dì mú, tó ń bi agbẹ̀bí pé ìyá òun ti dé bí.

Bàbá wo ẹsẹ̀ Adùnbárìn tí wọ́n so, ó wo àpótí aṣọ tó wà lẹ́nu yàrá. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde.

"Ọkọ̀ ọ̀sán yẹn," ó wí, "ṣé wọ́n ń gba àgbàlagbà?"

"Bàbá?"

"Ọmọ bíbí kò mọ̀ pé wọ́n so ẹnikẹ́ni. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá ọkọ rẹ bí fún mi, mi ò wẹ ẹyọ kan rí. Mi ò tilẹ̀ dúró wò ó. Wọ́n ní kò kan ọkùnrin." Ó sún mọ́ ọn, ó rọra bẹ̀rẹ̀, eegun orúnkún rẹ̀ dún, títí ojú àwọn méjèèjì fi ṣe déédéé. "Kọ́ mi, ìyàwó. Yára. Báwo ni wọ́n ṣe ń wẹ ìkókó?"

Adùnbárìn wò ó. Ọwọ́ ńlá, ọwọ́ ọkọ́ àti àjẹ̀, ló tẹ́ síwájú rẹ̀ yẹn.

"Ẹ kọ́kọ́ fi ìgbọ̀nwọ́ yín tọ́ omi wò, Bàbá," ó wí. "Ẹ má fọwọ́ tọ́ ọ o, ọwọ́ yín ti yi jù."

Bàbá ká apá dàńṣíkí rẹ̀ sókè, ó sì na ìgbọ̀nwọ́ síta kó lè fi hàn án bóyá bó ṣe yẹ nìyẹn.